Fíúsì Tó Wà Lẹ́nu Mi

Ojú mi méjèèjì yìí ló ṣe. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi, mi ò gbọ́ ọ ní ìsọ̀ ẹlòmíràn, mi ò sì kà á nínú ìwé, torí èmi àti ìwé kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìkẹfà gan-an mi ò kà á parí. Lọ́jọ́ tí jíìpù Màmá Nọ́ọ̀sì jóná lójú ọ̀nà oko lẹ́yìn Edúnàbọ̀n, tí Sùnmọ́nù awakọ̀ rẹ̀ sì bá iná náà lọ, èmi ni mo jókòó ti Sùnmọ́nù níwájú ọkọ̀. Títí dòní, àwọn èèyàn ní Ilé-Ifẹ̀ ń sọ pé sìgá Sùnmọ́nù ló dá iná náà sílẹ̀. Kì í ṣe sìgá. Màá sọ ohun tó jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ iná mọ́tò dára láti kọ́. Ẹ ò ní mọ ìdáhùn tí ẹ ò bá gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ríwáyà ni wọ́n ń pe iṣẹ́ wa. Bí iná iwájú ọkọ̀ bá kú, bí fèrè ò bá dún, bí bátìrì bá ń kú láàárọ̀, àwa ni wọ́n ń wá. Mànàmáná ni orúkọ tí àwọn oníbàárà fún mi, mi ò sì ní torí ìrẹ̀lẹ̀ purọ́: ó tọ́ sí mi. Mo lè gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì kí n sọ fún ọ pé bátìrì rẹ ò ní pẹ́ kú. Àwọn tó lọ kàwé iná ní yunifásítì ti gbé ọkọ̀ wá bá mi, tí wọ́n dúró lẹ́yìn mi tí wọ́n ń wo ọwọ́ mi bí ọmọdé ṣe ń wo ẹni tó ń dín àkàrà. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí. N kò tíì pé ọgọ́ta ọdún tí mo fi í sílẹ̀. Ẹ máa tó mọ ìdí.

Bàbá mi ló fi mí lé Ọ̀gá Làmídì lọ́wọ́ ní Ìlódè. Èyí ò gùn: wọ́n kí ara wọn, bàbá mi ní, "Ẹ bá mi lù ú bó bá ṣe wèrè," ọ̀gá ní, "Èmi kì í lu ọmọ," bàbá mi sì lọ. Òótọ́ ni, kì í lu ọmọ. Ohun tó ń ṣe le ju ẹgba lọ.

Ọmọ Ẹdẹ ni Ọ̀gá Làmídì, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú, ìrun ọ̀sán kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fún odidi ọdún kan, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan wáyà ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Orí bátìrì ni mo ń fi omi gbígbóná fọ̀, tíúbù táyà àtijọ́ ni mo ń gé sí wẹ́wẹ́. Ibikíbi tí wáyà bá ti gba inú ihò irin kọjá, ọ̀gá á ní kí a fi rọ́bà tíúbù yẹn yí etí ihò náà ká kí irin má baà pa wáyà lára. Ó ní, "Irin ò ní ìkánjú. Ó lè máa ha wáyà fún ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ tó bá ha á tán, yóò bá ọ sọ̀rọ̀." Tẹ́ẹ̀pù kì í ṣe rọ́bà lójú rẹ̀. Ẹni tó bá fi tẹ́ẹ̀pù dípò rọ́bà yóò tú gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà palẹ̀.

Òfin fíúsì ló wá jẹ́ òfin àgbà. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, fíúsì ni wáyà tín-ín-rín tó wà nínú ike kékeré, tí iná ń gbà kọjá kó tó lọ síbi tó ń lọ. Bí nǹkan bá bàjẹ́ níwájú, tí iná wá pọ̀ jù, fíúsì á já, iná á kú, ọkọ̀ ò ní jó. Ní ìsọ̀ wa, bí o bá so iná tí fíúsì rẹ̀ já, o ò gbọdọ̀ fi òmíràn síbẹ̀. Ọ̀gá á yọ èyí tó já, á ní, "Ya ẹnu." Á fi í sáàárín eyín rẹ. O ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, o ò gbọdọ̀ jẹun, títí wàá fi rí ibi tó ti bàjẹ́. Ọjọ́ tí o bá rí i, wàá yọ fíúsì lẹ́nu, wàá sì fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ létí gbogbo ìsọ̀: "Ibí yìí ni mo ti ṣe é ṣì."

Mo ti mú un lẹ́nu rí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nítorí fèrè lọ́rì kan. Itọ́ ń ṣàn sí mi lágbọ̀n. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ níwájú ìsọ̀ rí mi, ó ní, "Làmídì, ṣé ọmọ yìí ti di ewúrẹ́ ni?"

Ọ̀gá ní, "Ewúrẹ́ tó bá jẹ wáyà mi, kó jẹ ẹ́ tán."

Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Nígbà tí mo rí ibi tó bàjẹ́ lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, tí mo sọ ọ́, ọ̀gá fi ọwọ́ nu àgbọ̀n mi. Ó ní, "Fíúsì kì í purọ́. Ó kú nítorí tìẹ ni. Bí èèyàn bá kú nítorí tìẹ, ṣé wàá kàn mú ẹlòmíràn wá kó tún kú síbẹ̀, láìbéèrè ohun tó pa ti àkọ́kọ́?"

Mo rò pé mo gbọ́. Etí ló gbọ́.

Mo gba fúrídọ̀ọ̀mù, ọ̀gá fún mi ní pílíásì rẹ̀ tó ní ọwọ́ pupa, mo sì ṣí ìsọ̀ tèmi nítòsí Òkèrèwè. Ayé wá yí. Nígbà tí à ń kọ́ṣẹ́, gílóòbù kékeré tí a so mọ́ wáyà méjì la fi ń wá iná kiri. Ó tàn, iná wà. Kò tàn, iná ò sí. Míítà onínọ́ńbà dé. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ̀ǹpútà dé, tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ sítíárìn, tí ọkọ̀ á máa fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn. Mo kọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò kàwé, tó lè ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀, kí ni ẹ fẹ́ pè é?

Ṣùgbọ́n nǹkan kan bá ayé tuntun yẹn wọlé tó bà wá jẹ́: fíúsì ayédèrú. Ó kún ọjà. Òmíràn á já kí o tó tan iná rárá. Òmíràn, wáyà á yọ́ tán, òun ò ní já. Bí fíúsì bá já nígbà yẹn, a kì í béèrè ibi tó bàjẹ́ mọ́. A óò pòṣé, a óò ní, "Fíúsì yìí ò dáa," a óò sì fa irun wáyà kan yọ, a ó fi í dí ojú ihò fíúsì, iná á tàn. Dáírẹ́ẹ̀tì là ń pè é. Ẹ lọ wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mẹ́wàá ní Ifẹ̀ yìí, ẹ óò rí dáírẹ́ẹ̀tì nínú mẹ́jọ. Bí a ṣe dẹ́kun àtigba fíúsì gbọ́ nìyẹn. A sọ ọ́ di òpùrọ́ láàárín ara wa.

Jíìpù ni mo wá fi gba orúkọ. Àwọn tó ń wọ igbó, àwọn tó ń wọn ilẹ̀, àwọn tó ń gégi, wọ́n á ní kí n fi iná sórí ọkọ̀, kí n fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀ síwájú rẹ̀, kí n fi bátìrì kejì sí i. Báyìí ni Màmá Nọ́ọ̀sì ṣe wá bá mi. Ìyá náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n kò lè jókòó. Abúlé mẹ́rin ló ń lọ nínú igbó tó kọjá Edúnàbọ̀n, tó ń gbẹ̀bí, tó ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó ní jíìpù àtijọ́ kan tó lágbára bí màlúù, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n jó ọmọlẹ́yìn kan fún un: àpótí onírin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí jíìpù á máa fà. Inú rẹ̀ ni fíríìjì abẹ́rẹ́ wà, àti bátìrì tirẹ̀.

Ó ní, "Mànàmáná, mo fẹ́ kí bátìrì ọmọlẹ́yìn yìí máa gba iná lára jíìpù bí a bá ti ń lọ. Bí abẹ́rẹ́ yẹn bá gbóná, omi lásán ni mò ń fún ọmọ ọlọ́mọ."

Mo ní, "Màmá, ẹ ti dé ibi tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wá."

Sùnmọ́nù ni awakọ̀ rẹ̀. Ọmọ agboolé kan ní Òkèrèwè ni, ó ga, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. A máa mu sìgá, ṣùgbọ́n ìta ọkọ̀ ló ti ń mu ún, lábẹ́ igi, torí Màmá kórìíra òórùn rẹ̀. Ẹ di èyí mú. Ọmọlẹ́yìn yẹn, ìyàwó ló ń pè é. Á dé ìsọ̀ mi, á ní, "Ọ̀gá Mànàmáná, ṣé ẹ ti wẹ̀ fún ìyàwó mi? Ẹ má fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ o."

Màá ní, "Ìyàwó rẹ wúwo. Ṣé o lè gbé e?"

"Jíìpù ló ń gbé e, ẹ̀gbọ́n. Èmi kàn ń wa ọ̀nà ni."

Mo ṣe iṣẹ́ náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo fa wáyà tó nípọn bí ìka láti orí bátìrì níwájú, mo mú un gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá dé ẹ̀yìn. Mo fi fíúsì ńlá kan sítòsí bátìrì, bí ọ̀gá ṣe kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ihò kan wà lára irin abẹ́ ọkọ̀, lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, tí wáyà yẹn gbà kọjá. Rọ́bà tíúbù ti tán ní ìsọ̀. Èèyàn sì ń wò mí, àwọn ríwáyà méjì láti òpópónà wá wo bí Mànàmáná ṣe ń ṣe é. Mo yí tẹ́ẹ̀pù mọ́ ọn. Mo yí i nígbà mẹ́wàá, mo ní ó ti di rọ́bà.

Fíúsì àkọ́kọ́ já nígbà tí Sùnmọ́nù wà á gba kòtò lọ sí Ìlódè. Mo fi òmíràn síbẹ̀. Kò já láàárín ìgboro, ó já ní kété tó dé ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà. Mo fi ẹ̀kẹta síbẹ̀. Ó já.

Sùnmọ́nù fara ti bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe pé nǹkan kan ń ṣe é?"

Mo ní, "Fíúsì ọjà yìí ni. Ayédèrú ni gbogbo rẹ̀."

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Ìwọ, ṣé ríwáyà ni ọ́?"

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo tọrọ àforíjì, Ọ̀gá Ẹlẹ́ńtíríkì."

Mo fa irun wáyà bí mẹ́jọ yọ, mo lọ́ wọn pọ̀, mo fi dí ojú fíúsì. Sùnmọ́nù rí i. Ó ní, "Kí lẹ fi síbẹ̀ yẹn?"

Mo ní, "Oògùn. Ìyẹn ò ní já láé."

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Òótọ́ ni mo sọ. Kò já.

Màmá ní kí n bá wọn lọ ní ìrìn àkọ́kọ́, kí n lè wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú. Èmi àti Sùnmọ́nù wà níwájú, Màmá wà lẹ́yìn, kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò tí a ó fi padà wà ní ẹ̀yìn pátápátá. A kọjá Edúnàbọ̀n, a yà sí ọ̀nà oko. Ọ̀nà náà burú, ọkọ̀ ń gbò wá yẹ́bẹyẹ̀bẹ. Mo ń fọ́nnu. Mo ń sọ fún Màmá pé fíríìjì rẹ̀ yóò máa tutù títí ayé.

Òórùn rọ́bà ló kọ́kọ́ dé. Sùnmọ́nù fín imú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń jó?" Mo mọ̀. Kí ó tó parí ọ̀rọ̀, mo ti mọ ihò náà, mo mọ tẹ́ẹ̀pù náà, mo mọ fíúsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Irin ti ha wáyà dé inú. Iná bátìrì ń dà sára irin ọkọ̀, kò sì sí ohun tó lè dá a dúró, torí ohun tí ì bá dá a dúró ni mo ti yọ.

Èéfín yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Sùnmọ́nù tẹ bíréèkì. Mo bẹ́ sílẹ̀, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fi ọwọ́ lásán di wáyà orí bátìrì mú láti fà á já. Ó ti pupa bí irin alágbẹ̀dẹ. Awọ ọwọ́ mi lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fà, kò já. Mo ń pariwo, mo ń fà.

Sùnmọ́nù ló gbé Màmá jáde. Ó gbé e bí ọmọ, ó gbé e kalẹ̀ sínú koríko. Ì bá dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ẹ̀yìn, ó ní, "Abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ!" ó sì sáré lọ tú ọmọlẹ́yìn kúrò lára jíìpù. Mo pè é. Mo ní, "Sùnmọ́nù, fi í sílẹ̀!" Ọwọ́ rẹ̀ wà lára ìkọ́ náà nígbà tí iná dé ibi tí kẹ́ẹ̀gì wà.

Mi ò ní ṣàpèjúwe rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ sáré wá pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ àti ewé tútù. Ọ̀kadà méjì ló gbé wa jáde dé títì.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Sùnmọ́nù lò ní ọsibítù. Ibùsùn mi ò jìnnà sí tirẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó yí ojú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣe iná wa?" Mo ní, "Sùn." Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ìnnálílláhì.

Nígbà tí àwọn èèyàn rẹ̀ dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kan bi mí pé, "Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, kí ló fà á? Ṣé kì í ṣe sìgá yẹn?" Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. Mo lè sọ pé rárá. Mo ní, "Sùnmọ́nù a máa mu sìgá." Èyí nìkan ni mo sọ. Òótọ́ ni, kò sí irọ́ kan nínú rẹ̀, ó sì ju irọ́ lọ. Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, gbogbo Òkèrèwè ti gbọ́ pé Sùnmọ́nù fi sìgá jó mọ́tò nọ́ọ̀sì, ó sì fi jó ara rẹ̀. Màmá gan-an gbà á gbọ́, torí ẹ̀yìn ló jókòó sí, kò rí iwájú, òórùn rọ́bà sì ti bo gbogbo òórùn mìíràn.

Ọ̀gá Làmídì nìkan ni kò gbà á gbọ́. Ó ti darúgbó, síbẹ̀ ó gun ọ̀kadà lọ síbi tí òkú jíìpù náà wà, ó wá inú eérú rẹ̀. Ó wá bá mi nílé. Wọ́n ti gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún mi, mo fi báńdéèjì dì í. Kò kí mi. Ó tẹ́ ìdì bébà kan sílẹ̀, ó tú u. Irun wáyà mẹ́jọ tó yọ́ pọ̀ di ẹyọ kan ni.

Ó ní, "Kí nìyí?"

Mo fa ọwọ́ báńdéèjì mi sẹ́yìn.

Ó ní, "Mélòó ló já kí o tó fi èyí síbẹ̀?"

Mo ní, "Mẹ́ta, ọ̀gá."

Ó mú fíúsì kan tó já jáde nínú àpò bùbá rẹ̀. Ó ní, "Ya ẹnu." Mo jẹ́ bàbá ọmọ, orí mi ti ní ewú, mo ya ẹnu. Ó fi í sáàárín eyín mi. Ó ní, "O mọ òfin wa," ó sì jáde. Kò tún wọ ilé mi mọ́. Ó kú lẹ́yìn ààwẹ̀ méjì. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lé mi, kò sì sẹ́ni tó sún fún mi.

Mo yọ fíúsì yẹn lẹ́nu ní kété tó jáde. Ṣùgbọ́n mi ò yọ ọ́. Ọdún méje ni mo fi mú un lẹ́nu.

Irọ́ bó lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹsẹ̀ Sìkírátù, opó Sùnmọ́nù, ni tèmi fi bá mi. Ní ọdún yìí, ó wá jókòó síwájú mi lórí bẹ́ǹṣì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti fẹ́ wọ ilé ọkọ, àwọn ẹbí ọkọ sì ń lọ́ra. Wọ́n ní ọmọ ẹni tí kò ní ìkóra-ẹni-níjàánu ni, ẹni tó fi sìgá jó ọkọ̀ olóore.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìkan lẹ jókòó tì í. Ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ sọ fún wọn bóyá ó mu sìgá nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Bó bá mu ún, ẹ sọ ọ́, kí n lè gba kádàrá."

Mo wo ọwọ́ mi. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé, ṣùgbọ́n ọba ti gé tèmi, ọ̀rọ̀ ò sì tán. Mo sọ ọ́ fún un. Rọ́bà tó tán, tẹ́ẹ̀pù, fíúsì mẹ́ta, irun wáyà mẹ́jọ. Mo ní, "Kò mu sìgá. Ibí yìí ni mo ti ṣe é ṣì."

Kò sunkún. Ó ní, "Ẹ wá síbi fídáù rẹ̀. Ẹ jókòó sí iwájú. Mo fi ọwọ́ ara mi bu mọ́ínmọ́ín fún yín."

Mo ní, "Mo jẹ ẹ́."

Ó dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín, ẹ lè tún un wí lọ́nà mìíràn lọ́la. Ẹ kọ ọ́ síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i."

Mo ti kọ ọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń béèrè, iṣẹ́ náà dára. Ó bọ́ mi, ó sì fún mi lórúkọ. Bí ẹ bá lè gba ohun kékeré tó já gbọ́ ju orúkọ yín lọ, ẹ lọ kọ́ ọ. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ lọ wá nǹkan mìíràn ṣe, torí ọwọ́ èmi já fáfá ju ti gbogbo wọn lọ, ohun tó sì sọnù lọ́wọ́ mi nìyí:

Fíúsì mẹ́ta. Jíìpù kan. Ọmọlẹ́yìn kan àti fíríìjì inú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ abúlé mẹ́rin, tí nọ́ọ̀sì kò tún padà lọ bá. Ìka mẹ́ta. Ọ̀gá kan. Ọdún méje lára orúkọ ẹni ẹlẹ́ni. Ọkùnrin kan, Sùnmọ́nù, tí kò mu sìgá lọ́jọ́ náà.